Kí ló ń lé àwọn ṣọ́ọ̀bù aṣọ ńlá lọ?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Kubwa, Lugbe, Mararaba, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà l'Abuja àti lókè Ọya. Ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́ọ̀bù oníẹ̀ka púpọ̀ la fẹ́ sọ lónìí, àwọn tó jẹ́ pé bẹ́ẹ wọlé wọn l'Abuja o, bẹ́ẹ wọlé wọn l'Ékòó o, iye kan náà lẹ máa bá lára aṣọ.

Kì í ṣe nǹkan tuntun ṣá. Kingsway, ṣọ́ọ̀bù ńlá ilé-iṣẹ́ UAC, ti ṣe é tipẹ́, ó dé Kano, ó dé Kaduna, àwọn bàbá wa tó ṣiṣẹ́ ìjọba lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n dáadáa. Tiwa tójú wa tó o, 2005 ni, nígbà tí Shoprite ṣílẹ̀kùn ní Lekki, bí mọ́ọ̀lù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú nìyẹn, Ado Bayero Mall ní Kano lọ́dún 2014, Jabi Lake Mall l'Abuja níbí lọ́dún 2015. Àwọn aláṣọ South Africa náà wọ Nàìjíríà: Woolworths, Truworths, Mr Price, PEP.

Ọgbọ́n òwò wọn ò le. Ẹni tó bá ní ṣọ́ọ̀bù 100 kì í ra aṣọ bí èmi àti ẹ̀yin ṣe ń rà á, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣẹ́ẹ̀tì kan náà ló máa ní kí wọ́n rán fóun lẹ́ẹ̀kan, owó ẹ̀ á sì wálẹ̀. Kò wá sí ìdúnàádúrà o, iye tó wà lára ẹ̀ lẹ máa san (èmi ò fẹ́ràn ìyẹn ṣá).

Ibi tó ti há nìyí: dọ́là ni wọ́n fi ń ra ọjà, réǹtì mọ́ọ̀lù náà, dọ́là ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò ẹ̀, èrè tí wọ́n fẹ́ kó lọ sílé, dọ́là, àwa sì rèé, náírà là ń san. Woolworths ò pẹ́ rárá, 2013 ló palẹ̀ mọ́, ó ní réǹtì wọ́n, owó kọ́sítọ́ọ̀mù wọ́n. Ní June 2015 CBN wá gbé lísìtì ọjà 41 jáde, pé ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé ò ní rí dọ́là rà ní báńkì, aṣọ sì wà nínú ẹ̀! Ẹni tó jẹ́ aṣọ ló ń tà, kí ló fẹ́ wá kó sórí kàǹtà? 2016, Truworths lọ. 2020, Mr Price ní òun náà ń lọ, lẹ́yìn náà ó kan PEP. Shoprite ní tiẹ̀, àwọn South Africa tà á ní 2021, àwọn tó rà á tún ti ti Kano pa ní January 2024, ti Wuse tẹ̀ lé e ní June. Kí ni kò ní í rí bẹ́ẹ̀, dọ́là tí ò tó náírà 500 ní báńkì níbẹ̀rẹ̀ June 2023 ti kọjá 1,500 ní February 2024.

Ẹ wá wo ìyá tó ń ta aṣọ ní Wuse Market. Ó lè jẹ́ Kantin Kwari, ọjà aṣọ ńlá tó wà ní Kano, ló ti kó ọjà, náírà ló fi rà á, wọ́n tiẹ̀ lè gbé e fún un láwìn, tí dọ́là bá gbéra láàárọ̀ ó ti fowó lé e kó tó dọ̀sán, kò sí táàgì kankan tó fẹ́ yí. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ò bá ká a, gwanjo (òkìríkà) wà.

Ṣọ́ọ̀bù oníẹ̀ka púpọ̀ tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà náà wà ṣá: Sahad wà ní Kano, ó wà l'Abuja, ìrẹsì, ìkòkò, aṣọ, gbogbo ẹ̀ ló ń tà. Lójú tèmi, ohun tó gbè é ni pé ọjà kan ò lè dá a dúró, èrè tó bá sì jẹ níbí, kò sẹ́ni tó ń retí ẹ̀ ní dọ́là lókè òkun. Torí náà tẹ́ ẹ bá ń ronú àtiṣí ẹ̀ka kejì ní Kubwa, ohun tí màá kọ́kọ́ bi yín ni pé owó wo lẹ fi ń ra ọjà, owó wo ni láńlọ́ọ̀dù ń gbà?