Olú Yọ Lójú Koríko: Abẹ́ Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Wò

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ẹ ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ wo koríko iwájú ilé tí ẹ gé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ wá rí i pé nǹkan ti yọ níbẹ̀: olú funfun méje tàbí mẹ́jọ, wọ́n ti ṣí bí agboòrùn, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò gbìn wọ́n. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé, "Ṣé èyí ṣeé jẹ?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ìbéèrè yẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa jẹ olú nínú fídíò yìí. Bí wọ́n ṣe ń dá olú mọ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wò, torí pé òkè ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wò ó, ibẹ̀ gan-an ni olú sì ti ń tan èèyàn jẹ jù.

Ẹ kọ́kọ́ fojú inú wo ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Olú tí ẹ rí yẹn kì í ṣe gbogbo ara nǹkan náà, èso rẹ̀ ni, bí èso ṣe wà lórí igi. Igi ọ̀hún wà nínú ilẹ̀: fọ́nrán funfun tó tín-ín-rín ju irun orí lọ, tó ta kiri, tó ń jẹ gbòǹgbò tó ti kú, ewé tó ti jẹrà, àti kùkùté igi tí ẹnì kan gé lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn tó sì da iyẹ̀pẹ̀ bò. Ọ̀pọ̀ oṣù ni ẹ lè máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láìmọ̀. Ọjọ́ tí omi bá tó ló máa so. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ fà á tu lónìí, tí ẹ sì fi ẹsẹ̀ fọ́ ìyókù túútúú, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó tún lè yọ. Èso lẹ fà tu, ẹ ò fọwọ́ kan igi.

Nígbà míì ẹ máa rí i tí wọ́n tò ní òbìrípo, bíi pé ẹnì kan fi okùn wọ̀n ọ́n. Láti ojú kan ni fọ́nrán yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó wá ń tàn lọ sí gbogbo ẹ̀gbẹ́ bákan náà, etí rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ tuntun ló ń so. Ẹ wo koríko tó wà létí òbìrípo náà dáadáa: ó sábà máa ń tutù yọ̀yọ̀ ju ìyókù lọ, torí pé bí fọ́nrán náà ṣe ń jẹ ohun tó ti kú, ó ń tú nitrogen sílẹ̀, koríko sì ń jẹ ẹ́. Mo fẹ́ràn kí n máa fi èyí han àwọn ọmọdé. Ilẹ̀ ló ya àwòrán ara rẹ̀ síta fún wa yẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan. Ẹ má já a lọ́rùn o! Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ mú ọ̀bẹ tàbí ṣíbí, ẹ wa ilẹ̀ yí i ká, kí ẹ sì gbé e jáde tìdítìdí. Apá òkè ni màá máa pè ní fìlà. Èyí tó gbé fìlà dúró ni ẹsẹ̀. Ẹ wá yí i lójú dé: àwọn pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò síra wọn lábẹ́ fìlà yẹn, bí ojú-ìwé inú ìwé, ojú-ìwé náà ni màá máa pè wọ́n. Àwọn olú kan ní òrùka lára ẹsẹ̀, bíi yẹ̀rì kékeré. Àwọn kan sì ní àpò ní ìdí, bí èèpo ẹyin tó ti là. Inú iyẹ̀pẹ̀ ni àpò yẹn máa ń wà. Bí ẹ bá já olú lọ́rùn, inú ilẹ̀ lẹ fi ẹ̀rí sílẹ̀ sí.

Kí ló dé tí mo fi tẹnu mọ́ àpò ìdí tó báyìí? Torí olú kan ni. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Amanita phalloides, àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì sì sọ ọ́ ní fìlà ikú. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó bá gbòǹgbò igi tí wọ́n ń kó ránṣẹ́ dé Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà. Ara gbòǹgbò igi tó wà láàyè ló máa ń gbé, pàápàá igi óákù, nítorí náà koríko tó bá wà nítòsí irú igi bẹ́ẹ̀ lè hù ú. Fìlà rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ ewé tó ṣá tàbí yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà míì ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Ojú-ìwé rẹ̀ funfun. Ó ní òrùka, ó sì ní àpò ní ìdí.

Kò korò. Àwọn tó jẹ ẹ́ tí wọn ò kú sọ pé ó dùn. Síse ò mú oró rẹ̀ kúrò, yíyan ò mú un kúrò, sísá sóòrùn ò mú un kúrò, fífi sínú yìnyín náà ò ràn án. Ìdajì fìlà kan ṣoṣo lè pa àgbàlagbà. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù nípa rẹ̀ ni bó ṣe máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run, kí èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó dé. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí méjì, ara á wá dà bíi pé ó ti yá. Aláìsàn á jókòó, á béèrè oúnjẹ, ará ilé á máa dúpẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀dọ̀ ń bà jẹ́ lọ.

Ẹ má sì rò pé olú ńlá nìkan ló ní irú oró yìí. Ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Pholiotina rugosa, olú aláwọ̀ ilẹ̀ kékeré tí fìlà rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà méjì àti ààbọ̀ lọ, tó ní òrùka lára ẹsẹ̀ tó tín-ín-rín. Ó máa ń hù nínú koríko àti nínú èérún igi tí wọ́n dà sídìí òdòdó. Irú oró tó wà nínú fìlà ikú ló wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú koríko kan náà ni ẹ ti lè rí Panaeolus foenisecii, tóun náà kéré tó sì ní àwọ̀ ilẹ̀, tó wọ́pọ̀ gan-an lójú koríko tí wọ́n ń gé déédéé. Láti òkè, ẹ lè pe méjèèjì ní ìbejì. Èrò tèmi nípa gbogbo olú kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ ò le rárá: ẹ wò wọ́n, ẹ ya fọ́tò wọn, kó parí síbẹ̀.

Báwo la ṣe wá ń ya ìbejì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀? Irúgbìn wọn ni. Olú kò ní kóró bíi ti èso. Lẹ́búlẹ́bú ló ń tú jáde láàárín ojú-ìwé rẹ̀, ó kéré débi pé ọ̀kan ṣoṣo ò ṣeé fi ojú rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀ jọ, àwọ̀ wọn á hàn, àwọ̀ yẹn kì í sì í sábà purọ́. Ẹ gé ẹsẹ̀ olú kúrò mọ́ fìlà. Ẹ wá bébà tí apá kan rẹ̀ funfun, tí apá kejì dúdú, ẹ da fìlà náà délẹ̀ sórí rẹ̀ kí ojú-ìwé rẹ̀ kọjú sí bébà, kó sì wà lójú àlà àwọ̀ méjèèjì, ẹ fi ife dé e kí afẹ́fẹ́ má baà gbá lẹ́búlẹ́bú náà lọ. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ nílò apá dúdú torí pé lẹ́búlẹ́bú funfun ò ní hàn lórí bébà funfun.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, olú funfun ńlá kan ni mo lò, èèpo aláwọ̀ ilẹ̀ wà káàkiri orí rẹ̀, ó lómi lára, ó dùn ún wò. Ó dá mi lójú pé funfun ni màá rí. Nígbà tí mo ṣí ife láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọ̀ ewé ni mo bá lórí bébà. Àwọ̀ ewé o! Chlorophyllum molybdites ni, ó sì jẹ́ pé olú tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé kò wọ́pọ̀ rárá. Ilẹ̀ tó móoru ló fẹ́ràn, ojú koríko sì ni ilé rẹ̀. Fìlà rẹ̀ lè tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 30. Bó bá ṣì kéré, ojú-ìwé rẹ̀ funfun nini. Bó bá dàgbà ni ojú-ìwé náà á wá di àwọ̀ ewé tó pò mọ́ eérú. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ á bì títí, á yàgbẹ́ títí, láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta. Òun ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú jíjẹ olú olóró ní Àríwá Amẹ́ríkà, torí pé ó jọ àwọn olú tí àwọn èèyàn mọ̀ sí rere.

Bí ẹ bá rí lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ ṣokoléètì, tí ojú-ìwé rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tó ṣì kéré, ìdílé Agaricus lẹ wà, ìdílé olú tí wọ́n ń gbìn tà káàkiri ayé. Inú ìdílé yìí náà ni Agaricus xanthodermus wà, tí ń da inú ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ẹ fi èékánná họ etí fìlà rẹ̀, kí ẹ sì gé ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀: á yí padà sí yẹ́lò lójú ẹsẹ̀, á sì máa rùn bí oògùn apakòkòrò. Lẹ́búlẹ́bú àwọ̀ irin tó dípẹtà? Ìhà ọ̀dọ̀ Pholiotina àti àwọn ìbátan rẹ̀ nìyẹn. Ó ṣókùnkùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú? Ẹ wò ó bóyá Panaeolus ni. Funfun ńkọ́? Marasmius oreades, ọ̀kan nínú àwọn olú tó máa ń tò ní òbìrípo, ń tú funfun, bẹ́ẹ̀ ni fìlà ikú. Ẹ rí i pé àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú kò sọ fún yín pé olú kan dára. Ìdílé tó ti wá ló ń júwe, ẹ sì ní láti wo òrùka, àpò ìdí, òórùn àti ibi tó ti hù mọ́ ọn.

Àwọn míì ò ní wàhálà púpọ̀. Olú tó ga, tó ní irun funfun lára, tí etí rẹ̀ ń yọ́ di omi dúdú bíi tàdáwà, Coprinus comatus ni. Ìbátan rẹ̀ kan, Coprinopsis atramentaria, máa ń yọ́ bẹ́ẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá mu ọtí, kódà lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ojú rẹ̀ á gbóná, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì, á sì bì. Èyí tó bá ń rùn bí òkú ẹran tí eṣinṣin sì bò, ẹ jẹ́ kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Eṣinṣin ló ń bá a gbé irúgbìn rẹ̀ kiri. Èyí tó rí roboto bíi bọ́ọ̀lù láìní ẹsẹ̀, ẹ là á sí méjì láti òkè dé ìdí. Bí inú rẹ̀ bá funfun gbòò tí kò sí ilà kankan níbẹ̀, olú bọ́ọ̀lù ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Bí ẹ bá rí òjìji olú kékeré tó ká wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú fìlà àti ẹsẹ̀, ọmọ Amanita, ìdílé fìlà ikú, tí kò tíì jáde nínú àpò lẹ mú dání yẹn.

Ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi nǹkan. Wọ́n á ní bí ìgbín bá ti jẹ lára rẹ̀, kò lóró. Ìgbín ń jẹ fìlà ikú, kò sì kú. Wọ́n á ní bí ẹ bá fi ṣíbí fàdákà sínú ìkòkò tí kò dúdú, ẹ máa jẹ ẹ́ lọ. Wọ́n á ní kí ẹ bó èèpo rẹ̀. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀kankan. Áàpù orí fóònù náà wà, ó sì wúlò láti mọ ìdílé tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láti inú rẹ̀. Àmọ́ fọ́tò tí ẹ yà láti òkè ló máa fi dáhùn. Kò rí àpò tó wà nínú ilẹ̀, kò gbọ́ òórùn. Ẹ má fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́.

Fífọwọ́ kan olú ò pa èèyàn, kódà fìlà ikú. Ẹ fọwọ́ lẹ́yìn náà, ó tó. Ẹ ò nílò oògùn tí ẹ máa fín sí koríko, torí pé iṣẹ́ rere ni fọ́nrán abẹ́ ilẹ̀ yẹn ń ṣe fún un. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé tó ń fi gbogbo nǹkan sẹ́nu tàbí ajá bá ń ṣeré níbẹ̀, ẹ jí láàárọ̀ kí ẹ ṣa gbogbo olú tó yọ kí wọ́n tó jáde.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ti jẹ ẹ́, ẹ má dúró kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ run. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bó tilẹ̀ dà bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Ẹ wa èyí tó kù nínú ilẹ̀ tìdítìdí, ẹ fi bébà wé e, kì í ṣe ọ̀rá, torí inú ọ̀rá ló ti ń tètè jẹrà, ẹ gbé e dání lọ. Bí ó bá ti bì, ẹ bu díẹ̀ nínú èébì náà dání pẹ̀lú. Kí ẹ sì sọ aago tó jẹ ẹ́ fún dókítà: bí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, tàbí lẹ́yìn wákàtí 12, ìyàtọ̀ yẹn ló máa jẹ́ kó mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ ni kó máa ṣọ́.