Ẹ̀fẹ̀ Àwọn Tó Ń Kọ Kóòdù, Ìròyìn Ìjàǹbá Ni

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe n'Íbàdàn fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti àwọn òbí wọn. Mo ti yọ àwọn ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kúrò. Àwàdà inú rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án.)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú ooru.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi dùn mọ́ mi, àfi ibì kan ṣoṣo. Wọ́n ní àwọn ọmọ tó ń kọ kóòdù ní ọ́fíìsì àwọn kò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ lórí WhatsApp, àwọn sì fẹ́ fòfin dè é. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ bá fòfin dè é ni ẹ kò ní mọ ohun tó bàjẹ́ nínú ọ́fíìsì yín mọ́. Ohun tí mo gbé wá lónìí kò ju ìyẹn lọ: lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ẹ̀rín, nǹkan kan ti kọ́kọ́ fọ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí àfòpiná. Púpọ̀ nínú yín mọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó sọ ọ́ fún yín. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1947, àwọn tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà Mark II ti Yunifásítì Harvard rí àfòpiná kan tó há sínú rìléè, ìyẹn suwíìṣì oníná inú rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àwọn rí kòkòrò gidi. Olùkọ́ á wá sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe àṣìṣe ẹ̀rọ ní kòkòrò. Irọ́ ni. Thomas Edison ti pè é bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà láti 1878. Ẹni tó kọ̀wé ní Harvard mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí tó fi sọ pé "gidi" nìyẹn. Ó ń ṣẹ̀fẹ̀ ni! Láti ọjọ́ tí ó ti dáyé ni ó ti ń gbọ́ kòkòrò, kòkòrò, kò sì rí ọ̀kan rí tó ní ìyẹ́. Grace Hopper, tó wà nínú ikọ̀ náà, ló wá ń sọ ìtàn yìí káàkiri títí tó fi di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun ojú omi Amẹ́ríkà. Ìwé ọ̀hún wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian dòní, tòun ti àfòpiná.

Ẹ wá bi mí pé kí ló ṣe ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ 8. Ta ló mọ̀? Wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

(Ẹ̀rín.) Ọ̀gá wa ń mi orí. Ẹ ṣé sà, mo ṣì ń bọ̀.

Ní 1972, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Yunifásítì Princeton, Don Woods àti James Lyon, jókòó, wọ́n ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní INTERCAL. Yẹ̀yẹ́ ni látòkèdélẹ̀. Nínú èdè yìí, o gbọ́dọ̀ máa bẹ kọ̀ǹpútà. PLEASE ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i, ìyẹn "ẹ jọ̀ọ́". Bí "ẹ jọ̀ọ́" inú iṣẹ́ rẹ kò bá tó, kọmpáílà, ìyẹn sọ́fítíwíà tó ń túmọ̀ kóòdù fún ẹ̀rọ, á da iṣẹ́ náà padà, á ní o kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Bí ó bá wá pọ̀ jù, á tún dá a padà, á ní ojú ayé lò ń ṣe. Ibi tó ti tó, tí kò pọ̀ jù? Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀.

(Ẹ̀rín ńlá.) Ẹ ò ri? Ẹ̀yin òbí lẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọ ṣì ń ronú. Ẹ ti lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba rí ni. Ẹ dúró, wọ́n ní ẹ kò kí àwọn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kí lẹ wá ń wá gan-an tí ẹ fi ń dọ̀bálẹ̀ tó báyìí.

Ìjàǹbá wo ló wà níbẹ̀? Láyé ìgbà náà, káàdì oníhò ni wọ́n ń kó kóòdù sí. O máa kó káàdì lọ fún àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, o máa padà sílé, o máa wá gba èsì bó bá yá. Èsì á dé pé ó kọ̀. Kọ́mà kan ṣoṣo lo gbàgbé, ẹ̀rọ náà kò sì ní sọ ibi tó wà fún ọ. Ká ní ìwé ẹ̀sùn gbáko ni wọ́n kọ, ta ni ì bá kà á? Àwọn ọmọ méjì yẹn fi èdè kan ṣe ẹ̀sùn wọn, a ṣì ń kà á lẹ́yìn àádọ́ta ọdún.

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀fẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ẹyẹlé.

Ìwé òfin íntánẹ́ẹ̀tì, RFC ni wọ́n ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1990, David Waitzman kọ RFC 1149, ó ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ẹyẹlé gbé dátà íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ẹ ká a, ẹ so ó mọ́ ẹsẹ̀ ẹyẹ. Gbogbo ayé rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo Linux, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ìlú Bergen, ní Norway, lọ wá ẹyẹlé, wọ́n sì ṣe é ní tòótọ́. Pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ìdì dátà, mẹ́sàn-án ni wọ́n rán, èsì mẹ́rin ló padà. Èyí tó yá jù gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́tàléláàádọ́ta, èyí tó pẹ́ jù lé ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì.

Ẹ rọra rẹ́rìn-ín o. Mo ti ra dátà ní ìlú yìí tí ẹyẹlé ì bá gbà mí jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹ̀fẹ̀ yẹn kọ́ wa. Òfin íntánẹ́ẹ̀tì kò bìkítà nípa ohun tó gbé ọ̀rọ̀: wáyà ni o, afẹ́fẹ́ ni o, ẹyẹ ni o. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi odidi sáà kan kọ́ ní èyí tí kò wọ̀ ọ́ létí, ẹyẹlé ló là á yé e. Bákan náà ni 418, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí RFC 2324 ti Larry Masinter gbé jáde ní 1998: bí o bá ní kí ìkòkò tíì po kọfí fún ọ, á dáhùn pé ìkòkò tíì lòun. Nígbà tí ẹnì kan dábàá ní 2017 pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn sọ́fítíwíà kan, àwọn ọ̀dọ́ fárígá, wọ́n sì fi í sílẹ̀.

Aago ń lọ, ẹ jẹ́ kí n yára. "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tèmi." Gbogbo ọ́fíìsì ló ń gbọ́ ọ. Èsì rẹ̀ ni: "Kò burú, ká kúkú di ẹ̀rọ rẹ fún oníbàárà kó máa gbé e lọ." "Má gbé kóòdù jáde lọ́jọ́ Jímọ̀": ẹni tó bá ti fi òpin ọ̀sẹ̀ wá àṣìṣe rí kò nílò àlàyé. Ẹ̀kẹta, wọ́n máa ń sọ pé Phil Karlton ló dá a: nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ohun méjì péré ló le. Ẹnì kan tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀: ohun méjì péré ló le, àkọ́kọ́, mímọ ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ gbàgbé ohun tó ti fi pamọ́, èkejì, sísọ nǹkan lórúkọ, ẹ̀kẹta, fífi ẹyọ kan ṣi ìṣirò.

Ibí ni bàbá kan ti na ọwọ́. Wọ́n ní sọ̀fíyọ̀ làwọn kí àwọn tó fẹ̀yìn tì, àti pé ọmọ ọmọ àwọn ló fà àwọn wá.

"Ọmọ mi, o ní méjì, mẹ́ta lo kà. Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ìyẹn gan-an ni sà.

"Kí ló ń mú wọn ṣì í?"

Mo ṣàlàyé pé púpọ̀ nínú àwọn èdè kọ̀ǹpútà ń ka ipò láti òdo. Ẹni tó ṣíwájú, òdo ni ipò rẹ̀, nítorí kò sí àlàfo kankan láàárín òun àti ìbẹ̀rẹ̀. Edsger Dijkstra, ará Netherlands, fi ọwọ́ kọ ìwé kan ní 1982 láti fi gbèjà òdo. Fortran, tó ti wà láti 1957, láti orí ení ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀. Wọ́n ṣì ń jà sí i.

Bàbá ní, "Bí a bá bí ọmọ lọ́jọ́ Ajé, ìgbà wo lo máa sọ ọ́ lórúkọ?"

Ọjọ́ kẹjọ, sà. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e.

"Ajé sí Ajé, ọjọ́ mélòó?"

Méje.

"Ta ló wá jẹ ọ̀kan?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbọ̀ngàn náà dàrú. Mo ti kọ kókó mẹ́rin mìíràn sílẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Torí òótọ́ ni. Láyé àwọn baba wa, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ gan-an wà nínú ìkà. Ọjà ọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń padà, márùn-ún ni wọ́n ń pè é. Ìtàdógún, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló ń padà, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń pè é. Bàbá tún fi tiwọn kún un: ẹni tó bá fẹ́ ri òpó ní mítà kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà mẹ́wàá, òpó mọ́kànlá ló máa rà, àwọn sì ti rí kọngílá tó ra mẹ́wàá.

Kò sí ẹni tó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì. Ìjà dé nígbà tí ẹni tó ń ka ọjọ́ bí ti ìyá ìkókó bá gbé iṣẹ́ fún ẹni tó ń ka àlàfo, tí wọn ò sì bá ara wọn sọ ọ́. Ọmọ náà á kọ ọ́ sínú kóòdù pé ọjọ́ ìbí, ẹ fi mẹ́jọ kún un. Ìwé ìpè á jáde. Àwọn àlejò á dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á bá ìdí ìkòkò. Ẹ sọ èyí fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lónìí, kò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Ọ̀gá wa, ẹ ṣé ẹ gbọ́?

Ìkà náà kò tán síbẹ̀. Ẹ wo orúkọ Ṣẹ́gun. Lẹ́tà márùn-ún lójú yín. Ẹ bi JavaScript, èdè kọ̀ǹpútà kan, á ní mẹ́fà, nítorí Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ, ní nọ́ńbà fún ẹ, ó ní fún é, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún ẹ́. Méjì ni a ń so pọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá tún tú àmì ìsàlẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀, ó di mẹ́jọ. Àbí ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ni ẹ̀rọ ń kà?

Wọ́n ní ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ìjà lórí ohun tí a ó fi ti ìlà kóòdù wọlé, táàbù ni àbí àlàfo: ẹ lo èyí tí ọ́fíìsì yín bá ń lò, ẹ jẹ́ ká sùn. JavaScript: Brendan Eich fi ọjọ́ mẹ́wàá kọ àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1995, àwa sì ti ń san gbèsè rẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń fi akọ́ṣẹ́ ṣe, tí wọ́n ń sọ fún un pé kó lọ kàwé kó tó bi èèyàn ní ìbéèrè, mi ò gbèjà ìyẹn. Kò sí ìjàǹbá kankan tó ń ròyìn, ìgbéraga lásán ni. Ti Vim, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń kọ kóòdù: ní 2012 ẹnì kan béèrè lórí Stack Overflow, ojú òpó ìbéèrè àwọn tó ń kọ kóòdù, pé báwo ni wọ́n ṣe ń jáde nínú rẹ̀, nígbà tó fi máa di 2017, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú ìwé ìbéèrè náà. Bram Moolenaar tó ṣe Vim, tó kú ní 2023, ọ̀fẹ́ ló fi í sílẹ̀. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìtọrẹ ṣe é fún àwọn ọmọ ní Uganda.

Ọmọbìnrin kan ló béèrè ìbéèrè tó kẹ́yìn: ṣé èmi náà ń lo Vim? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pẹ́ gan-an.

Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ràn rẹ̀ ni sà, àbí ẹ kò tíì rí ọ̀nà jáde?"

Wọ́n gba maikirofóònù lọ́wọ́ mi.