Ooru Nìkan Kọ́ Ló Ń Sọ Omi Ẹja Di Àwọ̀ Ewé

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wáyé ní Àkúrẹ́, a gé e kúrú díẹ̀)

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́ mi rí, ẹ mọ ibi tí mo ń lọ. Ẹ má tíì sọ fún àwọn yòókù.

Gbogbo wa la mọ algae, ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń bo adágún, tó ń yọ̀ lára táńkì omi. Ẹ jẹ́ ká mú Chlorella nínú wọn. Kì í kàn là sí méjì. Ọmọ mẹ́rin, mẹ́jọ, nígbà mìíràn mẹ́rìndínlógún, ló máa ń dá sínú ara ìyá. Bí wọ́n bá gbó tán, awọ ìyá á bẹ́, wọ́n á tú jáde. Ooru wà lára ohun tó ń sọ bí èyí ṣe máa yá tó. Ní 1972, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Eppley kó ìwádìí jọ lórí àwọn ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ inú òkun tó ń lo oòrùn: bí omi bá fi ìwọ̀n 10 Celsius gbóná sí i, ìdàgbà tó yá jù tó ṣeé ṣe fún wọn á di nǹkan bí ìlọ́po 1.88.

Ibẹ̀ làwọn kan ti máa ń pa ìwé dé. "Ayé ń gbóná, algae á ṣáà máa pọ̀ ni." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Òkè ni ọ̀rọ̀ yìí, ó ní ṣóńṣó: ìdàgbà á gòkè pẹ̀lú ooru, lẹ́yìn náà á sọ̀. Chlorella vulgaris, ọ̀kan lára Chlorella, gbádùn ìwọ̀n bí 25 sí 30 Celsius. Bó bá kọjá ibẹ̀ dáadáa, èròjà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ara rẹ̀ á máa bàjẹ́, mímí á sì máa jẹ oúnjẹ tó fi oòrùn sè. Ẹ̀sọ̀ la fi ń gun òkè náà. Sísọ̀ rẹ̀ ò ní ẹ̀sọ̀ kankan. Adágún ilẹ̀ olótùútù ṣì wà nísàlẹ̀, ooru díẹ̀ á tì í gòkè. Tiwa tí kò jìn, lọ́sàn-án oṣù Kẹta, ṣóńṣó náà ló ti wà.

Alága ti ń wo aago. Kíá: omi gbígbóná kì í gba oxygen, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí, púpọ̀. Ní 20, mílígíráàmù bí 9 nínú lítà kan. Ní 30, bí 7.5.

Ìyá kan tó ń sin ẹja kò jẹ́ kí n parí: "Ọ̀gá, inú ọ̀yẹ́ lomi tèmi di àwọ̀ ewé, epìyà mi sì ń yọ ẹnu sókè ní ìdájí. Ooru wo lẹ wá ń sọ?"

Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ti bá mi sọ ọ́! Oúnjẹ ẹja tó ṣẹ́ kù tó rì sísàlẹ̀, ajílẹ̀ ló dà fún algae. Lọ́sàn-án algae ń tú oxygen jáde. Lóru, kò sí oòrùn, òun náà á máa bá ẹja mí èyí tó wà nílẹ̀. Ìdájí ni oxygen ń kù díẹ̀ jù. Ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ tú díẹ̀ nínú omi náà dànù, kẹ́ ẹ rọ tuntun sí i. Ẹ má da oògùn apakoríko sí i o: bí gbogbo algae bá kú lẹ́ẹ̀kan, jíjẹrà wọn á gba oxygen tó kù.

"Tí mo bá fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó ńkọ́?"

Apá kan péré ni kẹ́ ẹ bò, Màmá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oúnjẹ ẹja níjòókòó yìí, ẹ máà bínú sí mi.