Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará òkè òkun. Kétu ilẹ̀ Benin ni mo wà lónìí, kì í ṣe Paris. Àkùkọ tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ti àgbàlá ìyá mi àgbà ni, ẹ bá mi fara dà á.

Ìwé kan ló wà lọ́wọ́ mi láti bí oṣù mẹ́rin. Ó ju 700 ojú ìwé lọ. Jonathan Strange & Mr Norrell lorúkọ rẹ̀, Susanna Clarke ló kọ ọ́, ó jáde ní 2004. Ẹ̀dà Faransé ni mo ń kà. Ìtàn idán ni, láyé ìgbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bá Napoleon jagun. Ọdún 1806 ló bẹ̀rẹ̀, nílùú York, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti máa ń pàdé láti jiyàn lórí idán, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò sì lè pa idán kan ṣoṣo. Ó yà mí lẹ́nu gan-an. Níbí, ọfọ̀ tí a kò tíì pè, kò tíì di ọfọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Norrell, onídán tó lè pa idán ní tòótọ́, mú kí àwọn ère òkúta inú kàtídírà York sọ̀rọ̀. Ère kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé wọ́n pa ọmọbìnrin kan níbẹ̀ láyé ọjọ́un, kò sì sẹ́lẹ́rìí kankan àfi àwọn òkúta. Mo pa ìwé náà dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rìn lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, mo sì pẹ́ níwájú ògiri amọ̀ yẹn. Ní 1886, àwọn ọmọ ogun Dànhòmẹ̀ fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ. Àwọn mìíràn ti kọjá òkun ṣáájú ìgbà yẹn, títí dé Bahia ní Brazil, níbi tí àwọn olórìṣà kan ṣì ń fi Ketu pe ara wọn títí dòní. Bí amọ̀ bá lẹ́nu, orúkọ mélòó ni ì bá kà fún mi?

Ṣùgbọ́n ẹni tí mi ò lè gbé kúrò lọ́kàn ni Stephen Black. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ dákun, mo fẹ́ tú díẹ̀ nínú rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ni, olórí ìránṣẹ́ nílé mínísítà kan ní London. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n bí i sí. Ẹrú ni ìyá rẹ̀, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ilé tó tọ́ ọ ló fún un lórúkọ tó ń jẹ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, kò mọ̀ ọ́n. Àsọtẹ́lẹ̀ kan sì wà pé ẹrú tí kò lórúkọ yóò dé adé fàdákà, yóò jọba nílẹ̀ àjèjì. Iwin kan wá gbéra, ó ń wá orúkọ yẹn kiri.

Alaalẹ́ ni mò ń sọ ìtàn yìí fún ìyá àgbà tí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà. Ogun Napoleon kò kàn wọ́n. Ìjà àwọn onídán méjèèjì, Strange àti Norrell, wọ́n ní ìlara ni, kí n fò ó. Nígbà tí mo dé orí Stephen, ọwọ́ wọn dúró nínú atẹ.

"Ta ló ṣe ìkómọ rẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, ìyá àgbà."

Wọ́n dákẹ́ pẹ́. "A jẹ́ pé wọn ò tíì kí i káàbọ̀ sáyé nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí níbi tó ń dùn mí. Orúkọ mi ní ṣ nínú. Nínú ìwé ìrìnnà mi, "ch" ni wọ́n kọ síbẹ̀, bí Faransé ti ń kọ ọ́. Níbi iṣẹ́, wọ́n gé e kù sí ìdajì, mo sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá láìjanpata. Mi ò fi wé ti Stephen o. Èmi mọ tèmi, ẹni tó sọ mí lórúkọ sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn.

Ó ku bí 60 ojú ìwé. Mi ò kánjú. Lálẹ́ àná, kí n tó ṣí ìwé rárá, wọ́n ti bèèrè: "Ọmọ inú ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n ti rí orúkọ rẹ̀?"

Wọ́n ti ń fi oríkì pè mí, ẹ gbọ́: Àbẹ̀kẹ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ dá wọn lóhùn.