Ẹni tó ń wá ọmọ kọ́ ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ yìí

Dókítà ni mí. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn bàbá àti ọ̀dọ́kùnrin sọ ní Kétu, ilẹ̀ Benin, lórí abẹ́rẹ́ testosterone nìyí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá.

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin tí ẹ gun zẹ́mì, alùpùpù akérò, wá láti Ìlárá, ẹ kú ọ̀nà.

Ọkùnrin ẹni ọdún 34 kan wá bá mi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti gbéyàwó, ọmọ kò dé. Ẹnìkan tó ń ta oògùn sọ fún un pé agbára ọkùnrin rẹ̀ ló lọ sílẹ̀, ó sì ń gún un lábẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì fún oṣù méje. Ó ní ara òun ti le, apá òun ti kún, kò sí wàhálà lórí ibùsùn. Oyún nìkan ni kò dúró. Nígbà tí a yẹ àtọ̀ rẹ̀ wò, a kò rí irúgbìn ọmọ kankan níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo kò sí. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní yóò fún un lọ́mọ ló tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ.

Testosterone ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn. Họ́mọ̀nù ni, ìyẹn ohun tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi darí iṣẹ́ ara; kóró ẹpọ̀n ló ń ṣe é. Òun ló ń mú irùngbọ̀n hù, tó ń mú ohùn ki, tó ń mú iṣan àti egungun le; òun náà ló wà nídìí ìfẹ́ obìnrin. Ṣùgbọ́n ẹpọ̀n kì í dá ṣiṣẹ́. Ẹ̀yà ara kékeré kan tó ń ṣe họ́mọ̀nù wà lábẹ́ ọpọlọ, kò ju hóró ẹ̀wà lọ, òun ló ń ránṣẹ́ sí i pé kó ṣe testosterone, kó sì ṣe irúgbìn ọmọ. Ẹ wo ìyá tó ń yan gàrí. Bí ọkọ̀ ńlá bá já gàrí ibòmíràn kún ọjà, kí ló máa ṣe? Á paná ààrò. Ohun tí ọpọlọ ń ṣe gan-an nìyẹn: bó bá ti rí testosterone tó ti ìta wọlé, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Ẹ̀jẹ̀ kún fún un, inú ẹpọ̀n gbẹ, bẹ́ẹ̀ sì ni inú ẹpọ̀n yẹn ni irúgbìn ti ń fẹ́ ẹ, ní ìlọ́po-ìlọ́po ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní 1990, Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ ìwádìí kan jáde: wọ́n gún àwọn ọkùnrin tí ara wọn dá ní testosterone 200 mg lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti wò ó bóyá ó lè dènà oyún. Ó sì dènà rẹ̀! Ọ̀pọ̀ ló ń padà rí irúgbìn láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan tí wọ́n bá fi í sílẹ̀. Àwọn kan a máa tó ọdún méjì.

Oògùn gidi ni o, mi ò bá a jà. Ó wà fún ọkùnrin tí àyẹ̀wò fi hàn pé kò ní in tó: ẹni tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ kì í dìde láàárọ̀ mọ́, tí kò fẹ́ obìnrin mọ́, tí irun ara ń ré, tí ọyàn ń yọ, tí egungun ń fúyẹ́. Àárẹ̀ nìkan kò tó. Ẹni tó ti ń kọ ebè láti ìdájí, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ rẹ̀ ẹ́. A sì máa ń di gbogbo rẹ̀ ru jẹ̀díjẹ̀dí, bẹ́ẹ̀ ṣegede tó wọ ẹpọ̀n nígbà èwe lè fà á, ìtọ̀ ṣúgà àti ọ̀rá ikùn lè fà á, àìsàn sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀ tó rí bí dòjé náà lè fà á.

Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí tramadol, oògùn ìrora líle yẹn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń lò ó kí ẹ lè pẹ́ lórí zẹ́mì, kí ẹ sì pẹ́ lórí obìnrin, ó dùn mí púpọ̀. Tramadol wà lára àwọn oògùn tó ń dí ìránṣẹ́ ọpọlọ lọ́nà. Ohun tí ẹ ń lò fún agbára ló ń jẹ agbára yín. Ẹ wá, a óò ràn yín lọ́wọ́ láti fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni họ́mọ̀nù wọn ń padà bọ̀ sípò láìgba abẹ́rẹ́ kankan.

Láàárọ̀ ni kí ẹ lọ fún ẹ̀jẹ̀, kí aago mẹ́wàá tó lù, láì tíì jẹun, ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, torí pé họ́mọ̀nù yìí a máa lọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀. Bí ó bá ń wà nísàlẹ̀ 3 ng/mL, tí àmì sì wà lára, dókítà á wá wò ó bóyá ẹpọ̀n ló ṣàárẹ̀ ni tàbí ọpọlọ.

Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Òmíràn jẹ́ 1,000 mg, ìkejì rẹ̀ á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, lẹ́yìn náà ó di ọ̀sẹ̀ 10 sí 14. Ìpara tún wà. Ẹ̀yin tí ọmọ ń sùn sí láyà lórí ẹní, ẹ ṣọ́ra fún ìpara yẹn: ó ń ràn mọ́ ara ọmọ, irun abẹ́ a sì hù lára ọmọdé láìtọ́jọ́. Ẹni tó ní jẹjẹrẹ pírósítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, kò gbọdọ̀ gbà á. Ẹni tó ń gbà á gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ki; bí hematocrit, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀, bá kọjá 54%, a óò dá a dúró. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, lára àwọn ọkùnrin tó lé ní 5,000, kò rí i pé ó fi kún ìkọlù ọkàn, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn tó ń lù ségesège pọ̀ díẹ̀ sí i.

Ẹni tí họ́mọ̀nù rẹ̀ kéré tó ṣì ń wá ọmọ, oògùn mìíràn wà, bíi oògùn oníhóró clomiphene tàbí abẹ́rẹ́ họ́mọ̀nù tí wọ́n ń pè ní hCG, tó lè ta ẹpọ̀n jí dípò kó pa á lẹ́nu mọ́. Dókítà ló máa yàn án.

Nígbà tí mo parí, bàbá àgbà kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, "Dókítà, ọmọ mi ti ń gbà á láti ọdún tó kọjá, wọn ò sì tíì bímọ. Ṣé kó fi í sílẹ̀ lónìí?" Mo ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ mú un wá. Ara rẹ̀ á rọ fún ìgbà díẹ̀ kí iná ààrò tó tún ràn, ó yẹ kó mọ̀ ṣáájú, kó má baà sá padà sídìí abẹ́rẹ́. Kí ìyàwó rẹ̀ náà bá a wá, torí a kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà." Bàbá ní ọjọ́ Ajé ni àwọn ń bọ̀.