Jànkárìwọ̀ Ló Ń Tì Wá Lójú, Ẹ̀rù Aláǹtakùn Kọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta. A kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe jáde lẹ́nu, títí kan ibi tí ìbéèrè ti já ọ̀rọ̀ gbà.)

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ kún ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo kí yín. Àkòrí tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìdí tí aláǹtakùn fi ń ba àwọn kan lẹ́rù, tí ó sì ń wu àwọn mìíràn í wò. Mo gbà á, ṣùgbọ́n àárín méjèèjì ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ní Abẹ́òkúta wà. Lọ́dọ̀ tiwa, kì í ṣe ẹ̀rù, kì í sì í ṣe ìfẹ́. Ìtìjú ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí àlejò pàtàkì bá ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Kí ọbẹ̀ tó dé orí iná, wọ́n á ti so ìgbálẹ̀ mọ́ igi gígùn, ọmọdé á ti gun orí àga, òkè àjà ni gbogbo ojú á wà. Ẹnikẹ́ni kì í sá, ẹnikẹ́ni kì í ké. "Kí ni wọ́n á sọ bí wọ́n bá rí jànkárìwọ̀ lórí wa?" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Jànkárìwọ̀ lójú wa ni àmì ilé tí kò lẹ́ni, tàbí ilé tó lẹ́ni ṣùgbọ́n tí ọ̀lẹ wà níbẹ̀. Ẹjọ́ ìmọ́tótó ni à ń bá aláǹtakùn ṣe. Ẹjọ́ oró kọ́. Mo ní ká fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí pé ẹ̀rù ní ìtọ́jú tirẹ̀, ìríra ní tirẹ̀, ìtìjú ní tirẹ̀. Ẹni tó bá lo oògùn ọ̀kan fún èkejì, iṣẹ́ rẹ̀ já sófo.

Ẹ tún jẹ́ ká wo jànkárìwọ̀ náà fúnra rẹ̀. Inú ikùn aláǹtakùn ni okùn ti ń wá, bí omi ló sì rí níbẹ̀. Ní ìdí rẹ̀ ni àwọn ọmú kéékèèké wà tí omi yẹn ń gbà jáde. Bí ó bá ń fi ẹsẹ̀ fà á, tàbí tí ó ń so rọ̀ wálẹ̀ láti òkè, fífà yẹn gan-an ló ń sọ omi di okùn. Ohun tí ara fi ń kọ́ ẹran ni ó fi ń ṣe é, nítorí náà owó ńlá ni lójú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta okùn róbótó láàárín igi inú ọgbà fi máa ń jẹ okùn àná kí wọ́n tó ta tòní. Ṣé ẹ rí i? Aláǹtakùn kì í fi dúkìá rẹ̀ ṣòfò. Èyí tó dúdú tó ń mì lókè àjà wa, tí eruku àti èéfín ìdáná ti sọ di bí òwú àgbọ̀nù, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó ta á ti kó kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ilé ahoro ni à ń gbá. Ohun tó ń tì wá lójú, eruku tiwa ni. Okùn kàn gbé e dúró kí a lè rí i ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan ṣì wà nílé, ẹ fi ṣóńṣó igi ìgbálẹ̀ kan tọ́ okùn náà fẹ́rẹ́. Bí ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tín-ín-rín yẹn bá wà níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ara rẹ̀ kíákíá títí ojú kò fi ní rí i dáadáa mọ́. Ẹ fi irú èyí sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀fọn tó bá há sí okùn yẹn, ó ti bọ́ lọ́rùn yín. Èyí tí kò gbọ̀n, tí eruku ti bò, ẹ gbá a tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹnì kejì inú ilé ni pẹlẹbẹ ara ògiri, èyí tó máa ń wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà àti lẹ́yìn àwòrán àwọn àgbà. Òun gan-an ló ń mú àwọn èèyàn pariwo. Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan: òun kì í ta okùn láti fi ṣọdẹ rárá. Orí ògiri ló ti ń sá tẹ̀lé aáyán àti ẹ̀fọn lóru. Ohun funfun róbótó tó lẹ̀ mọ́ ògiri bí bébà, àpò ẹyin rẹ̀ ni. Ẹni tó ta jànkárìwọ̀ kì í dẹ́rù bani, ẹni tó ń dẹ́rù bani kì í ta jànkárìwọ̀, ìgbálẹ̀ kan náà la sì ń fi pa àwọn méjèèjì. Kí ló dé tí pẹlẹbẹ fi ń dẹ́rù bani? Ìrìn rẹ̀ ni. Á dúró gbagidi, á sì fẹ̀gbẹ́ sáré fìrì bí akàn, ojú kò ní mọ ibi tó kọrí sí. Ohun tí ojú kò bá lè tẹ̀lé, ọkàn kì í fọkàn tán an. Ẹ mọ̀ pé kò ní iṣan tó ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tán. Omi ara rẹ̀ ló ń ti ẹsẹ̀ náà síwájú. Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń ká jọ bí ó bá kú. Bí ẹ bá ti rí i tí ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ká, ó ti tán, ẹ má tún fi bàtà lù ú.

Mo ń bọ̀ wá sórí àwọn tó ń bá mi jiyàn. Wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀rù aláǹtakùn wà, pé a bí i mọ́ wa. Láti 1971 tí Martin Seligman, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, ti kọ̀wé pé ara èèyàn ti múra sílẹ̀ láti tètè kọ́ ẹ̀rù àwọn nǹkan kan ni wọ́n ti ń sọ ọ́, tí wọ́n sì ń gbójú fo ọ̀rọ̀ "kọ́" tó wà níbẹ̀. Ní 2017, Stefanie Hoehl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán aláǹtakùn han àwọn ọmọ oṣù mẹ́fà, wọ́n sì fi òdòdó hàn wọ́n. Ọmọlójú àwọn ọmọ náà fẹ̀ sí i nígbà tí wọ́n rí aláǹtakùn ju ìgbà tí wọ́n rí òdòdó lọ. Àwọn alátakò wa gbé èyí bí àsíá. Ọmọlójú tó fẹ̀ ń sọ pé ara ta kìjí, ó sì ń sọ pé ọmọ náà ń kíyè sí nǹkan. Kò tíì di ẹ̀rù. Ọmọ náà ṣì máa bojú wo ìyá rẹ̀, ojú ìyá rẹ̀ ló sì máa sọ ohun tí ìkìjí yẹn á dà. Bí ìyá bá ké, ó di ẹ̀rù. Bí ìyá bá yínmú, ó di ìríra. Bí ìyá bá na ọwọ́ sí ìgbálẹ̀ tó ní "àlejò ń bọ̀", ó di ìtìjú. Kí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ni wá bá wa gbá òkè àjà lọ́jọ́ ìnáwó kan ní Ìtòkú, ká jọ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ yẹn ń gbé.

Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, kí ló dé tí àwọn Akan ní Gánà fi fi aláǹtakùn ṣe ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ wọn, tí wọ́n ń pè é ní Anansi? Wọ́n ní òun ló kọ́ àwọn ahunṣọ Bonwire ní iṣẹ́ kente. Àwọn Haúsá náà ní Gizo. Àwa fi ipò yẹn fún Ìjàpá. Ẹranko tí ọmọ bá ti bá rẹ́rìn-ín nínú àlọ́ kì í ṣòro fún un láti wò lójú. Tiwa ló wá di òwe ogun: "Aláǹtakùn, bí yóò bá ẹ jà, a ta ká ẹ lára." Okùn náà la tún rí o! Bíbélì náà, nínú Jóòbù orí kẹjọ, ilé rẹ̀ ló mẹ́nu bà. Àlùkùránì, nínú Súrà Ankabūt, ẹsẹ 41, ní ilé rẹ̀ ló jẹ́ aláìlágbára jù nínú gbogbo ilé. Ẹ mọ ìtàn ihò àpáta Thawr, níbi tí Ànábì Muhammad fara pamọ́ sí fún àwọn ọ̀tá rẹ̀, n kò ní tún gbogbo rẹ̀ sọ. Mo kàn fẹ́ kí àwa Ẹ̀gbá, tí àpáta Olúmọ dáàbò bo àwọn baba wa, rántí pé nínú ìtàn yẹn, jànkárìwọ̀ lẹ́nu ihò ni ọ̀tá rí tí ó fi gbà pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ojú tí ọ̀tá fi wò ó náà ni ojú tí àlejò yín fi ń wò ó.

Mo fẹ́ bọ́ sórí àwọn Mambila ní Taraba àti Kamẹrúùnù, tí wọ́n ń fi aláǹtakùn dáfá...

(Níbí ni ìyá kan dìde láti àárín gbọ̀ngàn.)

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú pé mo dá yín lẹ́nu. Ẹ ní kì í ṣe ẹ̀rù oró. Ọmọ mi jí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọrùn rẹ̀ ti bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Gbogbo àdúgbò ló ní aláǹtakùn ló tọ̀ sí i lára. Ṣé ìtìjú náà nìyẹn?"

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ìbéèrè yín ju ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká fi Mambila sílẹ̀ ná. Ẹ sọ fún mi, ṣé egbò náà gùn bí ìlà? "Bẹ́ẹ̀ ni, láti ìsàlẹ̀ etí dé èjìká." Iná ń tàn lóru, fèrèsé sì ṣí? "Bẹ́ẹ̀ ni sà." Ẹ mú ọmọ náà lọ fi han nọ́ọ̀sì, nítorí n kò rí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ sọ yìí jọ iṣẹ́ kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Paederus. Mìlímítà 7 sí 10 ni gígùn rẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Orí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ pupa bí ọsàn tó pọ́n, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú ó sì ń dán bí aró, ikùn rẹ̀ pupa, ìdí rẹ̀ dúdú. Ẹsẹ̀ mẹ́fà ló ní, aláǹtakùn mẹ́jọ. Ìgbà òjò ló máa ń pọ̀, iná ló sì ń pè é wọlé. Kì í bunijẹ, kì í ta ni. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni oró wà. Bí ó bá bà lé ọrùn ọmọ tó ń sùn, tí ọmọ náà fi ọwọ́ nù ún, kòkòrò á fọ́, ọwọ́ á sì fa oró náà bí ẹni fi búrọ́ọ̀ṣì kun nǹkan. Ìdí nìyí tí egbò náà fi ń gùn. Bí ó bá fọ́ sí kọ́lọ́fín apá, ibi méjì tó ń kanra ni yóò bó, wọ́n á sì jọra. Kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ó lè tó ọjọ́ kan sí méjì. Nígbà tí ẹ bá jí tí ẹ sì wòkè, ta ni ẹ rí? Pẹlẹbẹ lára ògiri. Òun ló wà níbẹ̀, òun ni wọ́n dá lẹ́bi.

Bí ẹ bá rí kòkòrò yìí lára, ẹ má pa á, ẹ fẹ́ ẹ dànù lẹ́nu, tàbí kí ẹ jẹ́ kó gun bébà. Bí ó bá ti fọ́, ọṣẹ àti omi kíákíá, ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú kí ó má baà dé ojú, ẹ sì fi aṣọ tútù lé e. Bí ó bá kan ojú, ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà. Ẹ má fi ọ̀tápíápíá wọ́n iyàrá tí ọmọ ń sùn sí nítorí aláǹtakùn. Oògùn tí kò ní orúkọ lára ìgò rẹ̀, ọmọ ló máa kọ́kọ́ fà á símú. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé àti iná pípa ló ń ṣiṣẹ́.

Mi ò sọ pé aláǹtakùn kò ní oró o. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo wọn ló ní. Àwọn tí oró wọn lè ṣe èèyàn ní jàǹbá kò pọ̀ rárá nínú ohun tó ju ẹ̀yà ẹgbàá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, 50,000, tí wọ́n ti fún lórúkọ. Bí èyíkéyìí bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, tí ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gan, tàbí tí èémí ń há, ẹ má fi abẹ gé e, ẹ má fi ẹnu fa á, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Alága ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti àwọn tí ẹ̀rù ń bà ní tòótọ́, nítorí wọ́n wà láàárín wa, kò sì yẹ kí a fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò lè wọ iyàrá rẹ̀, tí ó ń yẹ ibùsùn wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí àyà rẹ̀ ń já fún àwòrán lásán, àìsàn ni tirẹ̀, ó sì ní ìwòsàn. Ní 1989, Lars-Göran Öst ní Sweden kọ ọ́ jáde pé ó lè tó ìjókòó kan ṣoṣo, tí kò ju wákàtí mẹ́ta lọ. Àwòrán kọ́kọ́, lẹ́yìn náà aláǹtakùn nínú ìgò oníderí ní ìkangun iyàrá, ká sún mọ́ ọn, ká fi ife mú un, ká fi ìka kan án. Ẹ má kúrò lórí àtẹ̀gùn kan títí tí ẹ̀rù yóò fi rọ̀ dé ìdajì. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn sá nígbà tí ẹ̀rù ga jù, nítorí ọkàn á gbà pé sísá ló gba òun là. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹnì kan ju aláǹtakùn sí ọmọ lára pé "kí ojú rẹ̀ là". Ó nílò olùrànlọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlú wa kò ṣàìmọ èyí: ní Aró, láti 1954 ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí aláìsàn máa gbé lábúlé pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí rẹ̀ nígbà tí ó ń gba ìtọ́jú.

Ti Mambila, ní kúkúrú: wọ́n á to ewé tí wọ́n gé, tí wọ́n fi àmì sí, sẹ́nu ihò aláǹtakùn ilẹ̀, wọ́n á fi ìkòkò bò ó. Bí ó bá jáde tí ó tú ewé ká, babaláwo wọn á ka bí wọ́n ṣe tò. Ní etí adágún Victoria, ní Kẹ́ńyà àti Uganda, aláǹtakùn kan wà tó máa ń fò mọ́ ẹran, Evarcha culicivora, tó fẹ́ràn ẹ̀fọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ẹ̀jẹ̀ yó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ wá a kà.

Ọ̀rọ̀ ife tí mo dárúkọ: ife tó mọ́ gaara, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ni kí ẹ lò. Ẹ gbé e lé pẹlẹbẹ láti iwájú gan-an, díẹ̀díẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ ló ń sá gbà. Ẹ ti ìwé ìpè òde tó le bọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ má yára, kí etí ìwé má baà gé e lẹ́sẹ̀. Ẹ dúró kí òun fúnra rẹ̀ gun ìwé náà. Ẹ gbé e lọ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, kí ẹ tẹ ife náà dẹ̀gbẹ́ sára ògiri, yóò bọ́ síbẹ̀ fúnra rẹ̀.