Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀: ẹ má dí ọ̀nà omi o!

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Dáàmù tẹ́ ẹ̀ ń wò yìí, ìtòsí Cordell ní Oklahoma lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà ló wà, Cloud Creek ni wọ́n ń pe ibẹ̀, 1948 ni wọ́n parí ẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ ni o! Òun ni àkọ́kọ́ nínú irú ẹ̀ tí ìjọba wọn bá àwọn àgbẹ̀ kọ́ nítorí àgbàrá, ní Oklahoma nìkan báyìí ó ti lé ní 2,000.

Wọ́n máa ń bi mí pé kí ló dé tí omi inú ẹ̀ fi kéré báyìí. Ó gbọ́dọ̀ kéré ni! Tó bá ti kún kójò tó dé, ibo lẹ fẹ́ kí àgbàrá wọ̀? Ẹ wo àrọ tá a fi ń rọ epo sí kẹ́ẹ̀gì, ẹ da epo sí i bó ṣe wù yín, bí ihò ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá ṣe mọ lepo á ṣe máa sọ̀ kalẹ̀. Páìpù tó gba abẹ́ dáàmù kọjá nìyẹn, omi tójò rọ̀ jọ láàárín wákàtí díẹ̀, á fi ọjọ́ mélòó kan tú u sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò á sùn wọra.

Tójò bá wá ju agbára páìpù lọ ńkọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibí yìí dáadáa, ọ̀nà gbàgàdà tí koríko bò yẹn, ó rẹlẹ̀ ju orí dáàmù lọ, ibẹ̀ lomi tó bá pọ̀ jù máa gbà kọjá. Àwọn kan á rò pé ilẹ̀ lásán ni, wọ́n á mọ ògiri sí i, wọ́n á da ìdọ̀tí síbẹ̀. HÁÀ! Ẹ̀mí dáàmù ló wà níbẹ̀ yẹn! OMI Ò GBỌDỌ̀ GBA ORÍ YẸ̀PẸ̀ KỌJÁ! Mo tún un sọ, omi ò gbọdọ̀ gba orí yẹ̀pẹ̀ kọjá, torí tó bá ti ń ya lórí ẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ lá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wa yẹ̀pẹ̀, á wà á títí dáàmù á fi já.

Dáàmù oníyẹ̀pẹ̀ South Fork ní Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà náà, ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí ẹ̀. Adágún ìgbafẹ́ àwọn olówó ni, wọ́n fi irin dí ọ̀nà omi kẹ́ja má bàa sá lọ, pàǹtí wá há síbẹ̀, lomi bá gba orí yẹ̀pẹ̀ kọjá. 31 May 1889 ó já, èèyàn 2,209 ló kú. Nítorí ẹja!

Ẹ má gbin igi sórí dáàmù náà o, tí gbòǹgbò bá jẹrà ihò lá dà. Koríko nìkan, kẹ́ ẹ sì máa gé e kó kúrú, ìgbà yẹn lẹ máa tètè rí ihò tí ẹran bá gbẹ́ síbẹ̀ kómi tó rí i.